Ilé-Ẹ̀kọ́ tí Ọkàn Fẹ́ àti Ilé-Ẹ̀kọ́ tí Apá Ká

 Ọmọ ìyá kan náà ni àwa méjì tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ará Odigbo ni bàbá wa, Ore ni ìyá wa sì ti ń tajà. Láti ìgbà tí a ti dé láti ìsinmi ni àwọn kan nínú yín ti ń bi wá léèrè pé kí ni ó dé tí àbúrò wa obìnrin, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé orí rẹ̀ pé ju tiwa lọ, kò fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga olówó gọbọi tí ó gbà á wọlé, tí ó fi jẹ́ pé Òkìtìpupa nítòsí ilé ni ó lọ. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè dáhùn lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ. Nítorí náà ni a fi bẹ olóòtú kí ó fún wa ní àyè díẹ̀, pàápàá nígbà tí a rántí pé púpọ̀ nínú wa yóò di olùkọ́ láìpẹ́, tí àwọn ọmọ yóò sì gbé irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ wá síwájú wa, tí wọn yóò ní, “Tíṣà, èwo ni kí n mú?”

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ agbègbè wa, Odigbo ni ìlú àtijọ́, ó wà lójú ọ̀nà Oǹdó. Ore ni oríta, níbi tí ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Bìní ti pàdé èyí tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa; ibẹ̀ ni ó sì di olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ Odigbo. Bí ọmọ ṣe wá ga ju bàbá lọ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn tiwa lónìí. Àwọn àgbà kò gbàgbé pé Ore ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní oṣù August ọdún 1967 kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà, tí “Ó le kú, ìjà Ore” fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé ojú ọ̀nà ni a bí wa sí. Láti kékeré ni a ti ń rí ọkọ̀ tí ń lọ sí Èkó, tí ń lọ sí Bìní, tí ń lọ sí Onitsha. Wọ́n á dúró, àwọn èrò á sọ̀kalẹ̀ jẹun, wọ́n á ra ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìyá wa, wọ́n á sì tún gbéra. Ọmọ tí ó bá dàgbà sí irú ibẹ̀ yóò máa rò pé gbogbo ohun tí ó dára wà níbi tí ọkọ̀ ń lọ.

Ní apá ìparí ọdún 2024 ni ìwé méjì náà tẹ àbúrò wa lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni ó fẹ́ kọ́, ohun tí ó sì mú un fẹ́ ẹ kò jìnnà sí ilé. Ní Agbabu, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí kan náà, ọ̀dà dúdú wà nínú ilẹ̀, irú èyí tí a fi ń tẹ́ ọ̀nà, tí a ń pè ní bítúmẹ̀nì. Kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́lẹ̀ wá a kiri ní agbègbè wa. Àwa kò sì tí ì rí i kí ó sọ ará oko kan di olówó. Nígbà tí àbúrò wa wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó bu díẹ̀ sínú agolo mílíìkì wá sílé, ó gbé e ka iná láti wo ohun tí yóò ṣe, ìyá wa sì lé tòun ti agolo rẹ̀ jáde kúrò nínú ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ ọ̀nà tí ó ń lọ.

Ìwé kìn-ín-ní wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti dé ibẹ̀ rí. Wọ́n mú un lọ síbẹ̀ fún ìdíje nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé gírámà, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì lò. Iná mànàmáná kò kú fún ọjọ́ méjèèjì. Ilé ìkàwé wà ní ṣíṣí di òru. Nínú yàrá ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò àti ìwọ̀n tirẹ̀ níwájú ara rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ilé-ìwé tí ó ti wá, ogójì ọmọ ní í pagbo yí tábìlì kan ká láti na ọrùn wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀ràn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbàlagbà a máa sọ pé ìgbéraga ni ó ń mú ọmọdé fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá. Ìgò tirẹ̀ ni ọmọ yìí fẹ́. Owó ọdún kan níbẹ̀, pẹ̀lú ibùgbé àti oúnjẹ, lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà.

Ìwé kejì wá láti Òkìtìpupa, láti yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní 2008, tí ó ń jẹ́ orúkọ olóògbé Olúṣẹ́gun Àgàgú nísinsìnyí, ẹni tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ wa láti 2003 títí di 2009. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ore lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ yóò ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Owó tí wọ́n ní kí a san níbẹ̀ jẹ́ èyí tí a lè rí láìta ohunkóhun.

Nígbà tí bàbá wa ka iye tí ó wà nínú ìwé kìn-ín-ní, a rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó ká ìwé náà, ó fi í sí abẹ́ fìlà rẹ̀, ó ní, “Kòkó ni yóò san án.”

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ó wà nínú gbólóhùn kúkurú yìí, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọdún 1966, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Èkó, yege ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé gírámà méjì, ọ̀kan ní Oǹdó, ọ̀kan ní Èkó. Ti Èkó ni ó wù ú. Bàbá wa àgbà sì mú oko kòkó rẹ̀ tí ó dára jù lọ, ó fi í dógò fún olówó kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ olóko lè má mọ bí ìdógò ti rí. Olówó yóò kó owó sílẹ̀, yóò sì máa ká kòkó inú oko náà lọ́dọọdún. Kòkó tí ó ń ká kì í ṣe ara gbèsè. Èrè owó rẹ̀ ni. Bí ó bá ká a fún ogún ọdún, gbèsè náà wà bí ó ti wà, àfi ìgbà tí olóko bá kó gbogbo owó náà jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó san án. Báwo ni ẹni tí a ti gba oko tí ó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe kó owó bẹ́ẹ̀ jọ? Ọ̀rọ̀ náà kò yé wa títí di òní, ó sì dá wa lójú pé kò yé bàbá wa àgbà náà.

Bàbá wa jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Oko ṣì wà lọ́wọ́ olówó. Ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìjọba Awólọ́wọ̀ ní 1955, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san ní ilé-ìwé gírámà, owó kò sì sí. Ó mú àdá, ó gba oko lọ. Ní oṣù October ọdún 1979, Michael Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba rẹ̀ sì sọ ilé-ìwé gírámà di ọ̀fẹ́. Ọdún méjì péré ni ó fi pẹ́ jù fún bàbá wa. Ó ti ní oko tirẹ̀ nígbà náà, irùngbọ̀n ti ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ojú sì ń tì í láti wọ ṣòkòtò péńpé jókòó ti àwọn ọmọdé. Bàbá Èkó ni ó wá ra oko náà padà ní 1983, òun náà ni ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ nínú owó ilé-ìwé tiwa. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni.

Ẹ wò ó nísinsìnyí: ọkùnrin tí a fi àlá ẹlòmíràn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ pé òun yóò ra àlá fún ọmọ òun. A bi í léèrè. Ó ní nítorí ìyẹn gan-an ni. Ó ní òun mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa wo ọ̀nà kan kí ó má sì lè tọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú ni a ṣe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Bàbá Èkó ti Èkó wá. Bàbá wa kékeré, àbúrò bàbá wa, náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyá wa, àwa méjì, àti ẹni tí ọ̀ràn kàn. Bàbá wa kékeré ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kòkó wọ́n, olówó púpọ̀ sì wà ní Ore tí yóò fi ìdùnnú gba oko dógò fún ọdún mẹ́rin. Bí èyí kò bá sì tó, kí ọ̀kan nínú àwa méjì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan ná, kí ó wá bá bàbá ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Àwa méjì wo ara wa. Ó ku ọdún kan fún ọ̀kan nínú wa, ó ku méjì fún èkejì. A kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ohunkóhun tí a bá sọ nígbà náà ìbá dàbí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń gbèjà oúnjẹ tirẹ̀.

Ìyá wa ni ó fèsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Baálé mi, ẹ jọ̀wọ́, ọdún mélòó ni ẹ̀kọ́ náà?”

Bàbá wa ní mẹ́rin ni.

Ó ní, “Ta ni ó bá kòkó dá májẹ̀mú ọdún mẹ́rin? Ọsàn tí mo ń tà ní Ore, iye rẹ̀ ní àárọ̀ kọ́ ni iye rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí ọkọ̀ kò bá dúró.”

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé lórí ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí ni gbogbo ọ̀ràn náà yí sí. Ní ọdún 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ní oṣù March ọdún 2024 ó ti kọjá 10,000. Nígbà tí yóò fi di December ọdún náà ó ti kọjá 12,000. Kì í ṣe pé àwa olóko ilẹ̀ yìí ṣe ohun tuntun kan. Ní ilẹ̀ Ivory Coast àti Gánà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì tí wọ́n ń mú ju ìdajì kòkó gbogbo ayé jáde: òjò kò rọ̀ bí ó ti yẹ, àrùn mú igi, ìkórè sì burú. Ìbànújẹ́ wọn di ọrọ̀ tiwa. Ohun tí ó bá sì tipa báyìí dé lè tipa báyìí lọ, nígbà tí òjò wọn bá rọ̀. Ní ayé àtijọ́, Ìgbìmọ̀ Kòkó ti ìjọba a máa kéde iye tí wọn yóò ra kòkó kí àkókò ìkórè tó wọlé, ó máa ń kéré ní tòótọ́, ìjọba sì ń jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n olóko mọ iye tí yóò bá a. Wọ́n tú Ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986. Láti ìgbà náà, ẹnu oníkòkó tí ó bá gbé ìwọ̀n wá lówùúrọ̀ ni olóko ń wò.

Ìyá wa kò mọ ọjà àgbáyé. Ṣùgbọ́n ó ní a ó rí owó ọdún kìn-ín-ní san, ọdún kìn-ín-ní kì í ni ènìyàn lára, inú ẹni a ṣì máa dùn. Owó ọdún kẹta ni kí wọ́n fi han òun. Ó ní ẹni tí ó bá dá ẹ̀kọ́ dúró ní ọdún kẹta nítorí owó ti ná owó ọdún méjì, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. A ti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Kò sí ẹni tí ó lè já a ní koro.

Bàbá wa yíjú sí Bàbá Èkó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ lọ. Kí ni ẹ rí sí i?”

Ọkùnrin náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi kò ní parọ́. Ilé-ìwé náà dára. Ẹni tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni ó mú mi dé ibi iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí mo bá lọ sí Oǹdó, bóyá ìbá má rí bẹ́ẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ṣùgbọ́n n kò tí ì wọ ilé yìí rí láti ọdún náà kí ojú má tì mí níwájú rẹ.”

A gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, a sì dákẹ́. Bàbá wa dìde, ó lọ tú ewúrẹ́ tí kò yẹ kí a tú.

Ẹ má ṣe rò pé àbúrò wa jókòó bí ẹni tí kò ní ẹnu. Ó tọrọ gáfárà, ó ní, “Gbogbo yín ń ka owó, ẹ kò ka ọjọ́.” Ó rán wa létí pé ní ọdún 2020 àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù March, wọn kò sì padà títí di December, pé ní 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù February, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó ní oṣù mẹ́jọ tí ènìyàn fi jókòó sílé, ṣé kò ní iye ni? Bí ọdún mẹ́rin bá di mẹ́fà, ta ni yóò san owó ọdún méjì tí òun ìbá ti fi ṣiṣẹ́? Lójú tiwa, òótọ́ ni ó sọ. Àwọn tí ń yin ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kéré kì í sábà kọ ìlà yìí sínú ìṣirò wọn, ìwà àìtọ́ sì ni, nítorí pé ọmọ tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn ni yóò san án. Ìpàdé náà tú ká láìsí ìpinnu.

Nígbà tí a padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, a lọ wo àwọn ìwé ìtàn ní ilé ìkàwé wa, láti mọ̀ bóyá àwọn ẹni ìṣáájú pàdé irú èyí. Wọ́n pàdé rẹ̀. Ní 1934 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá ní gbangba. Ẹ̀bá ilé ni ó wà, ẹni tí kò lágbára àti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London lè lọ síbẹ̀. A rò pé gbogbo ènìyàn ìbá yọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó gidigidi, nínú ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀, èyí tí ó di Nigerian Youth Movement ní 1936. Ẹ̀sùn wọn ni pé ìwé ẹ̀rí Yábàá kì í ṣe ti yunifásítì: ẹni tí ó bá gbà á yóò jẹ́ igbákejì fún òyìnbó tí ó ka ìwé lókè òkun, yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí a wá ṣí University College ní Ìbàdàn ní 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá ni a kó lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oyè yunifásítì London gan-an ni àwọn tí ó bá yege níbẹ̀ sì ń gbà títí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962. Ìyàtọ̀ náà ṣe kedere sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ 1934 kò kọ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó súnmọ́ ilé, wọn kò sì kọ̀ ọ́ nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí pé ìwé tí ó ń fúnni kò tó. Ìbéèrè tí a kò tí ì bi ara wa ní Odigbo nìyí.

A tún kà nípa Ajáṣin fúnra rẹ̀, ẹni tí òfin rẹ̀ pẹ́ ju bàbá wa lọ. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó kọ́kọ́ lọ, ó sì jáde níbẹ̀ ní 1927. Ó ṣiṣẹ́ tíṣà, ọdún 1943 ni ó sì tó dé Fourah Bay, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. A tún kà nípa Afẹ́ Babalọlá ti Adó-Èkìtì, ẹni tí kò kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì, tí ó fi ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ara rẹ̀ títí ó fi gba oyè London nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti nínú òfin, tí ó sì di lọ́yà ní 1963. Òun náà ni ó wá dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 2009, tí kì í ṣe ti tálákà rárá. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka ìyẹn. A kò mọ̀ bóyá bàbá wa yóò rẹ́rìn-ín.

A kọ lẹ́tà sílé, a fi ìbéèrè Yábàá sínú rẹ̀: ìwé ti ibì kan àti ìwé ti ibì kejì, ṣé ọ̀kan ni wọ́n lójú ẹni tí ń gbani síṣẹ́? Ìyá wa pa ọjà tì ní ọjọ́ kan, òun àti àbúrò wa wọ ọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa. A bí i léèrè nígbà tí ó ṣe bóyá ibẹ̀ dára. Ó ní òun rí ohun tí ó tẹ́ òun lọ́rùn, òun sì rí ohun tí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní ti ìwé, àjọ kan náà, NUC, ni ó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, aṣọ kákí kan náà ni àwọn tí ó bá jáde ní ibi méjèèjì sì ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan. Ìgò tirẹ̀ ni ìyàtọ̀, àti iná, àti ọjọ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ 1934 bínú sí.

Ohun kan tún wà tí ó yí ìṣirò náà padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù April ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú fi ọwọ́ sí òfin tí ó gbé àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀, tí a ń pè ní NELFUND. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò lè rí i gbà. Wọn yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì béèrè yóò rí owó oúnjẹ gbà, 20,000 náírà lóṣù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlẹ̀bàbá ni sísan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ka gbogbo èyí fún bàbá wa, ó ní, “Ìdógò ni.” A ṣe àlàyé títí pé kò sí ẹni tí yóò wá ká kòkó. Ó ní orí ọmọ náà ni wọn yóò máa ká. Títí di òní, a kò rí èsì gidi fún un. Ohun tí a lè sọ kò ju pé ìdógò yìí ń dín kù bí a bá ti ń san án, ti 1966 kì í dín.

Àbúrò wa ni ó pinnu fúnra rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo wa ń fọ́ kòkó. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ sí Òkìtìpupa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé méjèèjì dọ́gba.” Bàbá wa ní kò sí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń fọ́ kòkó lọ.

Kí ọdún 2025 tó parí, iye kòkó lọ́jà àgbáyé ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ sí iye tí ó jẹ́ ní December 2024. Oníkòkó tí ó ń wá sí Odigbo kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú ilé wa kò sí ẹni tí ó sọ fún ẹnì kejì pé, “Ṣé ẹ rí i?”, ìyá wa pàápàá kò sọ ọ́, ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ jù lọ láti sọ ọ́. Apá kan nínú owó ọdún 2024 wà ní báńkì lórúkọ àbúrò wa. Bàbá wa ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án títí ó fi parí ẹ̀kọ́, pé bí ó bá wù ú nígbà náà kí ó lọ sí ibi tí ó fẹ́ fún oyè kejì. Àwa méjì ṣì wà níbí, bí ẹ ti ń rí wa.

Òun náà ti wọ ọdún kejì rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Nígbà tí ó wá sílé kẹ́yìn, ó mú ìgò gíláàsì kékeré kan tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, ó sì lọ sí Agbabu pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ kejì fi pè é ṣì wà nínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. A rí i níbẹ̀ nígbà tí ó ní kí a bá òun wá aṣọ ìlekè, a sì dá a padà bí ó ti wà.